Ìṣẹ́jú Méjì

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dákú sójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ pẹ̀lú pákí tútù lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí awakọ̀ máa kọ́kọ́ pè kì í ṣe mẹkáníìkì. Àúdù Oyèkúnlé ni yóò pè ní Ayétòrò. Àúdù kò mọ táyà í tú, kò wakọ̀ rí, ojú rẹ̀ kò sì ríran láti ìgbà tí èèyi ti ṣe é lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà gbogbo mẹkáníìkì tó wà láti Ìlaró títí dé ẹnubodè wà lágbárí rẹ̀. Ó mọ èyí tó máa ń gbé fóònù, ó sì mọ èyí tó ṣì wà lórí ẹní tó ń sọ pé òun ti wà lọ́nà.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé Ọlọ́run gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi orí dípò. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni. Irú orí tí Ọlọ́run fún Àúdù náà ló fún àwa yòókù, òun ń lo tirẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó nídìí pátákó tẹlifóònù ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìlaró, láyé ìgbà tí tẹlifóònù ṣì ní wáyà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran níṣẹ́, ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá pe ọ́fíìsì, Àúdù ló máa gbé e, á bi í pé ta ló ń wá, á ki wáyà bọ ihò tó yẹ, àwọn méjèèjì á sì gbọ́ra wọn. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, wọ́n tú pátákó náà palẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ sinmi. Ó lọ sí Ayétòrò, ilé bàbá rẹ̀, kò sì sinmi. Ó ra fóònù kékeré kan àti láìnì kan, ó sọ ara rẹ̀ di pátákó.

Láti ọdún 2004 ni láìnì yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá tirakítọ̀ ní Joga-Orile á pè é. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, tí nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí, á pè é. Àwọn ará Kétu lápá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá a máa pè é, wọ́n á ní, “Alóò, Bàbá, sàfà?” bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń béèrè pé ṣé dáadáa ni, òun náà á dá wọn lóhùn pé sàfà, wọ́n á wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iṣu tí wọ́n fẹ́ kó wá. Bàbá Onínọ́ńbà ni gbogbo wọn ń pè é. Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá Ridwan, nítorí Ridwanullah àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò, ẹ wo ohun tó kù: ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kan tó jókòó síwájú ilé, tí àwọn èèyàn ń kọjá lára rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé “ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá” bí ẹni ń kí aláìsàn. Àúdù mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa ń bà á lẹ́rù.

Fóònù tó ń lò báyìí kì í ṣe kékeré ìjọ́sí mọ́. Ridwanullah ló ra onígíláàsì fún un. Ohùn obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ka ohunkóhun tí ìka Àúdù bá kàn lójú fóònù sókè, Mádààmù ni Àúdù sì ń pè é. Mádààmù gbọ́ Òyìnbó dáadáa. Yorùbá ni kò gbọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í dá a dúró, á kà á ni. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé “Baba e ku ise,” Mádààmù á kà á bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, Àúdù á wá fara balẹ̀ ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ní oṣù Ògún ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ni láìnì náà fi iṣẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn oníbàárà wọn. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n ní àwọn gbájúẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kí oníkálukú ṣí áàpù àwọn lórí fóònù rẹ̀, kí ó fi ojú rẹ̀ hàn án, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé èèyàn alààyè ló ni láìnì, kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tí kò bá ṣe é títí di Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, wọn á ti láìnì rẹ̀ pa. Tó bá sì tún pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọn á gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn.

Wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n túmọ̀ áàpù náà sí Yorùbá. Wọn ò fi àmì ohùn kankan sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó máa jáde lójú fóònù ni: “Gbe foonu si iwaju oju re. Iseju meji.”

Ìṣẹ́jú méjì. Ta ni kò mọ ìṣẹ́jú méjì? Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo Ayétòrò ti gbé fóònù síwájú ojú. Wọ́n gbé e ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n gbé e nídìí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n gbé e níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun. Ẹnì kan á máa wo aago fún ẹnìkejì. Àwọn tó gbọ́n jù níbẹ̀ á tún máa kìlọ̀ pé, “Má mira o. Má ṣẹ́jú rárá, tí o bá ṣẹ́jú á ní fọ́tò ti bàjẹ́.” Àgbàlagbà á la ojú sílẹ̀ kalẹ̀ títí omi á fi máa dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Tí ìṣẹ́jú méjì bá pé, ẹ̀rọ á ní: “Ko wole. Tun gbiyanju.” Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú ní agbègbè yẹn, ẹ ti mọ ẹni tó máa pè. Fóònù Àúdù kò sinmi. Àwọn kan ní ìlà oòrùn ni kèèyàn kọjú sí. Àwọn kan ní tí èèyàn bá ti ṣe bísímílà, ó parí. Ohun tó ya Àúdù lẹ́nu ni pé àwọn díẹ̀ ń wọlé lóòótọ́. Iṣẹ́ tó fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe kò jẹ́ kí ó fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìbéèrè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

Oníṣu kan ní Ìmẹ̀kọ ní eruku kó sí òun lójú ni. Obìnrin kan tó ń yan gaàrí ní èéfín ló yọ òun lẹ́nu, ó ní òun fẹ́ jù ú sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ní ó ti wọlé. Fẹ́yìsetán aránṣọ ní oorun ń kun òun, ojú òun ń pa dé, ó ń là. Àúdù jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ́kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ ń mì.

“Ìyá Ridwan,” ó ní, “gbé fóònù rẹ síwájú ojú, kí o ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.”

“Wọ́n ní ká má ṣẹ́jú.”

“Ṣá ṣẹ́jú.”

Jẹ̀mílátù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé.

“Kì í ṣe ìṣẹ́jú aago,” Àúdù ní. “Ìṣẹ́jú ojú ni. Ẹni tó kọ ọ́ ní Òyìnbó ní ká ṣẹ́jú, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wá ní ká dúró.”

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti pe ogójì èèyàn. Ní ọjọ́ kejì, láti Ìmẹ̀kọ dé Ipokia, gbogbo èèyàn ń ṣẹ́jú. Ọpẹ́ ń wọlé tọ̀sán tòru. Ọkùnrin kan fi ìbẹ́pẹ mẹ́ta rán ọlọ́kadà wá láti Joga-Orile. Àúdù ń gba ọpẹ́, ó ń sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fúnra òun kò tíì wọlé.

Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra láti kékeré. Kò sí ohun tó fẹ́ ṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ dè é lọ́wọ́ pàápàá kì í ṣe ojú. Àwọn ibi títẹ̀ inú áàpù náà, àwòrán lásán ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn ò kọ orúkọ sí wọn lábẹ́, bí ìka Àúdù bá ti kàn wọ́n, ohun tí Mádààmù ń sọ ni “bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì.” Ó tẹ bọ́tìnì káàkiri bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn nínú ilé onílé. Nígbà tó wá kan èyí tó ń ya fọ́tò, ó gbé fóònù síwájú ojú. Mádààmù fi ẹnu iṣu gbígbóná rẹ̀ kà á fún un: “A ko ri eniyan.”

Ìyẹn kò ní òkúta nínú. Àúdù gbọ́ ọ yé lẹ́ẹ̀kan náà.

“Èmi náà ò rí ọ,” ó dá a lóhùn.

Jẹ̀mílátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àúdù kò rẹ́rìn-ín, ó tún gbé fóònù sókè. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ló gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni wọn ò rí èèyàn.

“Ẹ jẹ́ kí n fi ojú tèmi sí i,” Jẹ̀mílátù ní. “Ojú náà ṣá ni wọ́n ń wá. Ojú tèmi, ojú yín.”

“Tó bá di ọ̀la tí wọ́n tún béèrè ojú tó ni ín ńkọ́? Tí o bá lọ ọjà?”

“Ẹ ó dúró dè mí.”

“Áà, mo dúpẹ́,” Àúdù ní. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n Jẹ̀mílátù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ohun kan láyé tí Àúdù ń dá ni láìjẹ́ pé ẹnì kan mú un lọ́wọ́ dání, àfi nọ́ńbà yẹn. Ojú tí wọ́n bá fi sí i ló máa ni ín.

Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlaró lọ́jọ́ Ajé, sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọdúnayọ̀ ló dá wọn lóhùn. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bá wọn gbé àga. Ó yà á ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fi ìka ran ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́wọ́ títí tí Àúdù fi ní ó tó.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa. Ṣé Màmá kò lè fi ojú tiwọn sí i ni?”

“Ṣé ìwọ rí mi?”

“Mo rí yín, sà.”

“Ṣé mo wà láàyè?”

Ọdúnayọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun á fi tó ọ̀gá létí ní Èkó.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti yà sí ọ́fíìsì Habeebah. Agbẹjọ́rò ni, bàbá rẹ̀ àti Àúdù jọ ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ Àúdù ló dàgbà sí. Habeebah gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fa ìwé kan yọ. Ó ní òfin wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tó sọ pé ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀ nítorí ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ará ìlú, gbogbo ará ìlú ni wọ́n gbé e síwájú wọn, kì í ṣe àwọn tó ríran nìkan.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà sí wọn.”

“Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́,” Àúdù ní. “Ìwọ fi èdìdì tìrẹ sí i lẹ́yìn.”

Ó padà sílé, ó gbé síléètì rẹ̀ jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìwé, èyí tí àwọn tí kò ríran fi ń kọ̀wé tí wọ́n ń fi ìka kà. Ó gún un ní kókó kókó títí ojú ìwé méjì fi kún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kọ. Habeebah fi í sínú àpò ìwé, ohun kan ṣoṣo tó sì fi yíǹkì kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni pé ẹ̀sùn lábẹ́ òfin akanda ẹ̀dá ni, àti pé àwọn ń retí èsì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ó pé ọ̀sẹ̀ kan kí ọ̀gá kan tó pè láti Èkó.

“Bàbá, a rí lẹ́tà yín gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ìwé funfun ni, ó kàn rí págunpàgun.”

“Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀.”

“A ò lè kà á ni, sà.”

“Ẹ ò rí i bó ṣe rí?” Àúdù ní. “Ẹ wá ẹni tó máa bá yín kà á. Wọ́n wà ní Èkó.”

Ọ̀gá náà ní ṣé Bàbá kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí fóònù. Àúdù ní òun lè sọ ọ́, ó dá òun lójú, ṣùgbọ́n òun kò ní í sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń wí i, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹni tó po òògùn kíkorò fún ni náà tọ́ ọ wò.

Ọjọ́ Àlàmísì, Jímọ̀ ìparí oṣù ku ọ̀la, obìnrin kan pe Àúdù láti Joga-Orile. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ ní ẹnu. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, ahọ́n rẹ̀ wúwo, àwọn tó ń gbé tì í pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Àúdù gbọ́ ọ. Ó ti gbọ́ ohùn lára wáyà tó ti jẹrà rí, kò sí ohùn tó lè pá a láyà. Ìbíyẹmí ni orúkọ obìnrin náà, ó ní ọmọ òun kan ṣoṣo wà lókè òkun, pé láìnì yẹn ló máa ń pè sí.

“Bàbá Onínọ́ńbà, ẹ̀yin lẹ ní ká ṣẹ́jú. Èmi tí ojú mi kan kì í pa dé mọ́ ńkọ́?”

Àúdù ní kí ó ní sùúrù, òun á pè é padà. Inú bí i sí ara rẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn kí ó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Ọdúnayọ̀ wa mọ́tò wá sí Ayétòrò. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lóhùn rẹ̀. Ó ní Èkó ti gbà, àwọn á fi ọwọ́ ṣí láìnì Bàbá láti ọ́fíìsì, kò ní í fi ojú han ẹ̀rọ kankan. Kí Bàbá ṣáà fi àtàǹpàkò tẹ ìwé kan fún àwọn ni.

“Ìyá Ridwan, bá mi kà á,” Àúdù ní.

Jẹ̀mílátù kà á. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ṣe é láti inú àánú fún Ọ̀gbẹ́ni Àúdù Oyèkúnlé nìkan, àti pé lẹ́tà tó kọ ti di ohun tí kò sí mọ́.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà.

“Fún èmi nìkan,” Àúdù ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” Ọdúnayọ̀ ní. “Nítorí yín ni mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Àúdù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ dénú, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà sapá. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ronú kan ìdákẹ́jẹ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀túnla. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ló ń bà wọ́n lẹ́rù, òun ni wọ́n wá gbà. Bó bá di ohun tí kò sí mọ́, kí ló máa sọ tó bá pe obìnrin Joga-Orile padà?

“Ọmọ mi,” ó ní, “bá mi sọ fún wọn pé àánú kọ́ ni mo kọ̀wé béèrè.”

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, Jẹ̀mílátù bínú. Ó ní ìgbéraga ni, pé ẹni tí ebi ń pa kì í bi ẹni tó fún un lóúnjẹ pé àwọn yòókù ńkọ́. Kò dá Àúdù lójú pé irọ́ ló ń pa.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, láìnì náà ti kú. Kò lè pè, wọn ò lè pè é.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wá. Ọlọ́kadà á yà, á béèrè nọ́ńbà, Àúdù á pè é fún un láti orí. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n dín kù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbọ́ awakọ̀ kan tó dúró lójú títì tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ọmọ kan ti wà ní Ìlaró tó máa ń bá èèyàn wá mẹkáníìkì, kí n fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀.” Iwájú ilé Àúdù ni wọ́n wà. Wọ́n kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá, wọ́n sì lọ. Ó dùn ún wọra. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sọ fún Jẹ̀mílátù pé bóyá òun ì bá ti tẹ ìwé yẹn.

Jẹ̀mílátù ní, “Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ náà. Ẹ jẹun.”

Habeebah kò sùn, ṣá. Ó kọ̀wé tirẹ̀ sí wọn, ti agbẹjọ́rò, ó bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n bá dé iwájú adájọ́, tí adájọ́ bá bi wọ́n pé kí ló wà nínú lẹ́tà ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n, kí ni wọ́n máa wí. Ìyẹn ló gbé wọn dìde. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè kà á káàkiri Èkó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, fóònù Jẹ̀mílátù dún. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni.

“Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Husain ni mò ń jẹ́. Èmi ni mo bá wọn ka lẹ́tà yín.”

Àúdù jókòó.

Husain náà kò ríran. Ó ní inú yàrá ìpàdé kan ni wọ́n mú òun wọ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá méje, pé òun ń fi ìka kà á, òun ń sọ ọ́ síta, kò sì sí ẹni tó mira. Nígbà tí òun dé ibi tí Bàbá ti kọ ọ́ pé “ẹ̀rọ yín ní òun kò rí èèyàn, ẹ wá wò mí fúnra yín,” ọ̀kan nínú wọn dìde, ó jáde. Wọ́n wá bi òun pé kí ni káwọn ṣe. Òun ní kí wọ́n kọ orúkọ sí gbogbo bọ́tìnì. Òun ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí kò lè fi ojú wọlé fi ohùn wọlé, kí wọ́n sì wá Yorùbá tòótọ́ kan kí ó sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n tún gba Husain síṣẹ́ lé e lórí.

“Ó ti wà lórí fóònù yín láti àárọ̀ yìí, Bàbá. Fún gbogbo èèyàn ni. Ẹ ṣí i.”

Àúdù ṣí i. Ohùn ọkùnrin kan jáde, Yorùbá tó dán, ó ní kí ó tún ohun tí òun bá sọ sọ: “Àgbàdo. Òjò. Mẹ́fà.” Àúdù tún un sọ. Ẹ̀rọ ní, “Ẹ ti wọlé. Ẹ kú iṣẹ́.” Jẹ̀mílátù ló pariwo, Àúdù kọ́.

Kí a tó kírun ọ̀sán, ìròyìn ti kàn. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi tàtẹ̀yìnwá, tirakítọ̀, nọ́ọ̀sì, táyà. Àúdù dá ẹni mẹ́rin lóhùn, ó jẹ́ kí ti ìkarùn-ún máa dún. Nọ́ńbà obìnrin kan tó ń yan gaàrí ní Joga-Orile wà lágbárí rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ìbíyẹmí, tí láìnì tirẹ̀ náà ti kú. Ó pè é, ó ní kí ó gbé fóònù lọ fún màmá náà.

“Ẹ ti wọlé, Bàbá?” Ìbíyẹmí ní.

“Mo ti wọlé, Màmá. Ẹ̀yin ló kàn. Ẹ gbé fóònù tiyín náà dání.”

Ó kọ́ ọ ní ibi tó máa tẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú fóònù kejì. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin tó dán yẹn: “Àgbàdo. Òjò. Mẹ́fà.” Ó gbọ́ Ìbíyẹmí tó ń fi ahọ́n wúwo tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń mí láàárín wọn. Ẹ̀rọ ní, “A kò gbọ́ yín. Ẹ tún un sọ.” Ó tún un sọ. Ẹ̀rọ ní òun kò gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀.

“Ó ní òun ò gbọ́ mi,” Ìbíyẹmí ní.

“Èmi gbọ́ yín,” Àúdù ní. “Àgbàdo, òjò, mẹ́fà lẹ pè. Ẹ pè é pé, Màmá.”

Ẹnì kan tún ń pe láìnì Àúdù nígbà náà, ẹlòmíràn tún ń pè. Kò gbé wọn. Ó ní kí Màmá má sùn, kí fóònù wà nítòsí rẹ̀, ó sì pe Husain.

“Bàbá, ṣé ó wọlé?” Husain ní. Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀.

“Tèmi wọlé. Ọlọ́run á ṣe é fún ọ,” Àúdù ní. “Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan. Mú ohun tí o fi ń kọ̀wé.”

Ó dúró títí ó fi gbọ́ tí abẹ́rẹ́ Husain kan ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà Ìbíyẹmí fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan.